Ìwé Tí Ojú Abẹ́rẹ́ Fi Máṣíìnì Rán

Lẹ́tà náà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Mò ń pààrọ̀ yíǹkì ẹ̀rọ tí mo fi ń da ìwé kọ lọ́wọ́, ọwọ́ mi méjèèjì dúdú bí ìdí ìkòkò, nígbà tí télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi já wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà láyà aṣọ rẹ̀, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ti pè wá! Ẹ bá mi kà á. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ojú mi ò gbà á gbọ́."

"Jẹ́ kí n nu ọwọ́ ná."

"Ẹ má nu nǹkan kan! Ẹ kà á bẹ́ẹ̀!"

Mo kà á. Ọ́fíìsì físà ló kọ ọ́. Wọ́n ní kí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀, kí wọ́n kó gbogbo ojúlówó ìwé wọn dání. Mo ka ọjọ́ tó kù lórí ìka. Mẹ́sàn-án péré. Kí n tó la ẹnu wí i, ó ti dì mọ́ mi, èmi náà sì ti fọwọ́ gbá a lẹ́yìn láìrò ó. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló hàn gbangba lẹ́yìn bùláòsì funfun rẹ̀. Kò tilẹ̀ bínú! Obìnrin tó máa ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ torí òwú kan ṣoṣo tó yọ, kò bínú!

Ojú Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí o bá wọ aṣọ tí ẹlòmíì rán kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò pè ọ́ padà. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló rán ọrùn yìí fún yín? Ẹ dákun, ẹ bọ́ ọ fún mi, ẹ má dójú tì wá ládùúgbò." Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ogún ọdún gbáko ló ti lò nídìí máṣíìnì, kò sì sí ohun tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn tí kò rí abẹ́rẹ́. Ó rán aṣọ fún àga. Ó rán aṣọ fún fóònù. Ìwé ńlá tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí pàápàá, kò rà á lọ́jà. Ìwé pẹlẹbẹ ló rà, ó ká a sí méjì, ó sì fi máṣíìnì rán ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú òwú búlúù. Ìwé náà ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ewé kan ò tíì jábọ́ lára rẹ̀.

Ayàwòrán ni ọkọ rẹ̀. Fọ́tò là ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló lọ sókè òkun, nígbà tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tíì wálé láti ìgbà náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, Àǹtí Kékeré là ń pè é nítorí kò sí àgbàlagbà tí kì í rán níṣẹ́. Inú fóònù ló ti mọ bàbá rẹ̀ jù. Bí bàbá náà bá sọ pé ó dàárọ̀, ọmọ yìí á fi ẹnu ko gíláàsì fóònù, ìyá á wá fi etí aṣọ nù ún.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Bí ọ́fíìsì físà bá gbà pé ìgbéyàwó tòótọ́ ni, ìyá àti ọmọ á lọ bá a. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gbà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: owó fọ́ọ̀mù tuntun, àyẹ̀wò ara tuntun, àti ọdún méjì mìíràn ká tó tún gbọ́ ohùn wọn. Owó ṣeé wá. Ọdún méjì ọmọdé, ṣọ́ọ̀bù wo ni wọ́n ti ń tà á?

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, títo ìwé kò sì ṣàjèjì sí mi. Mo ní kó kó gbogbo ohun tó ní wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ló ti palẹ̀ tábìlì tó ti ń gé aṣọ mọ́, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ, ìwé báǹkì tó fi hàn pé ọkọ ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, àkọsílẹ̀ ìpè orí fóònù, ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù ọkọ pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìgbà tó wálé. Ó ń lọ dáadáa. Ìgbà tó kan fọ́tò ni wàhálà dé.

"Fọ́tò ìwọ àti ọkọ rẹ dà?"

Ó gbé páálí bàtà méjì kalẹ̀. Fọ́tò inú rẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo ṣí èkíní, òun nìkan. Mo ṣí èkejì, òun nìkan. Òun lẹ́nu ọ̀nà, òun lórí àga, òun pẹ̀lú oyún, òun pẹ̀lú ọmọ.

"Ọkọ ńkọ́?"

"Bàbá, òun ló yà á."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ta ni kó tún yà á? Ẹ wo èyí." Ó na ìka sí dígí kan lẹ́yìn ara rẹ̀ nínú fọ́tò. Ọkùnrin kan wà nínú dígí náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kámẹ́rà bo ojú rẹ̀ pátápátá. "Òun nìyẹn."

"Ojú rẹ̀ dà?"

"Ẹ wo èjìká yẹn, Bàbá! Èjìká ọkọ mi nìyẹn!"

"Èjìká kì í ṣe ìwé ẹ̀rí," ni mo wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn pàápàá, Fọ́tò ò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kámẹ́rà òun. Ó gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì sáré wá dúró ti ìyàwó. Mẹ́rin ló yà lọ́jọ́ náà. Nínú mẹ́ta, ó ṣì ń sáré bọ̀. Ọ̀kan péré ni ojú rẹ̀ ti hàn, ó sì là á sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yọ sí. A fi ọ̀kan yẹn ṣáájú.

Ojú Abẹ́rẹ́ rí i pé ojú mi rẹ̀wẹ̀sì. Ló bá lọ gbé ìwé ìwọ̀n rẹ̀ wá. "Ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un. Ìwọ̀n ọkọ mi wà níbẹ̀ láti ọdún tá a ti fẹ́ra."

"Ewé mélòó ni?"

"Ó lé ní ọgọ́rin."

"Ká wá da ewé ọgọ́rin kọ, kí ọ́fíìsì físà lè mọ̀ pé ìdí olùkọ́ àgbà tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ tóbi? Ohun tí wọ́n béèrè ni ká fún wọn. Gbé e padà sáyè rẹ̀."

Ó gbé e padà, ṣùgbọ́n ó yọ ṣùtì sí mi.

Láti Ọjọ́rú la ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Àǹtí Kékeré ló fi ara rẹ̀ jẹ ọ̀gá ọ́fíìsì. Ó yọ gíláàsì kúrò lójú mi, ó fi sójú ara rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn máṣíìnì.

"Ẹ káàárọ̀. Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Bàbá rẹ ni," ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Rárá o! Èmi ò ní bàbá níbí. Ọ̀gá ni mí."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa oníbàárà tó wá gba aṣọ. Ìyá náà tún ara rẹ̀ ṣe, ó sọ orúkọ ọkọ rẹ̀ ní kíkún.

"Níbo lẹ ti pàdé ara yín?"

"Ó gbé ṣòkòtò wá fún mi kí n gé e kúrú. Mo gé e jù. Ó ní kí n san án. Mo ní n kò lówó. Ó ní ó dáa, kí n jẹ́ kí òun ya fọ́tò mi. Mo ní fọ́tò kí ni, ó ní..."

"Ó tó!" ni mo ké. "Wọ́n bi ọ́ ní ibi tẹ́ ẹ ti pàdé. Sọ pé ó wá gé ṣòkòtò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ó parí."

"Bàbá, ibi tó dùn níbẹ̀ ò tíì dé."

"Ibi tó dùn kò sí nínú ìbéèrè."

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí, ó ń kà á bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Mo ní kó má há nǹkan kan sórí mọ́. Ilé tó ń gbé ni wọ́n máa bi í, wọn ò ní bi í ní ilé aládùúgbò. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti ń dáhùn ní ṣókí, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀. Mo kó ìwé mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lé e lọ́wọ́ ní títò, mo ní, "Lọ tọ́jú wọn. Ewé kan ò gbọdọ̀ jábọ́ o. Ṣó o gbọ́? Ewé kan!"

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láyé mi. Èyí ni mo kábàámọ̀ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó ṣí fèrèsé, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ dijú, Bàbá."

"Mo ti dàgbà jù fún ìyẹn."

Ó gbé e síwájú. N kò ní purọ́ fún yín, ó dára. Ó ti fi aṣọ aláwọ̀ ewé bo èèpo rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà, òwú búlúù tò sára rẹ̀ wẹ́kú. Ìwé tó yẹ kó wà nínú àpótí gíláàsì ni. Ó ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lòun fi ṣe é, abẹ́rẹ́ méjì ló ṣẹ́.

"Ojúlówó ìwé ńkọ́?" mo rọra béèrè.

"Gbogbo rẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó ló ṣáájú."

"O fi máṣíìnì gún ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Kó lè dúró."

Mo jókòó. Mo fa ìwé ìlànà tí wọ́n fi ránṣẹ́ yọ, mo sì kà á sí i létí: kí ìwé kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi pín-ìn tàbí ohunkóhun so wọ́n pọ̀, wọ́n lè kọ ojúlówó ìwé tó bá ti ní àbùkù. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gé aṣọ oníbàárà sódì.

"Ẹ ní ewé kan ò gbọdọ̀ jábọ́."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," mo gbà. "Mú bíléèdì wá."

A tú u. Òun ló tú u, èmi ń gba ewé. Èyí tó jẹ́ ẹ̀dà kò ṣòro, mo tún wọn dà kọ kí ọ̀sán tó pọ́n, páálí ìwé kan tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ ìbí kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ mi lè bí. Ihò wẹ́wẹ́ ìlà méjì sọ̀ kalẹ̀ létí òsì wọn látòkè délẹ̀, bí ọ̀nà èèrà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwa méjèèjì wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ wo ihò náà, ó wo wá, ó ní òun lè fún wa ní tuntun láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

"Ọ̀tunla la fẹ́ lò ó," ni mo wí. "Bí a bá san owó ìkánjú ńkọ́?"

"Bàbá, pẹ̀lú owó ìkánjú ni mo wí yẹn. Láìsan án, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni."

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, mo ṣírò ohun tó kù. A lè sún ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò síwájú, ṣùgbọ́n àyè tó tún ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ oṣù méje sí i, àyẹ̀wò ara tí wọ́n ti ṣe á sì ti kọjá àkókò. Tàbí kó gbé ìwé oníhò lọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ méjèèjì fún un, mo fi iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná an sí i. Ó fi ìka tọ ihò inú ìwé náà.

"Èmi ni mo rán an," ló wí níkẹyìn. "Èmi náà ni máa lọ sọ pé mo rán an."

Mo bá a kọ lẹ́tà àlàyé. Ìlà mẹ́ta ni, ó fọwọ́ sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la gbéra. Àǹtí Kékeré wọ aṣọ òfeefèé tuntun tó ní àpò mẹ́rin. Wọn kì í jẹ́ kí fóònù wọ ọgbà ọ́fíìsì náà, ìdí tí mo fi tẹ̀ lé wọn nìyẹn, kí n lè di fóònù mú lẹ́yìn gééètì. Bí ó ti ń kó tirẹ̀ fún mi, mo rí ohun ńlá kan nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni ìwé ìwọ̀n ń ṣe níbí?"

"Láti ibí ni mo ti fẹ́ lọ wọn olùkọ́ àgbà. Ó ti ń retí mi látàná."

"Lónìí yìí kẹ̀?"

"Bàbá, bí wọ́n fún mi ní físà bí wọn ò fún mi, aṣọ ìyá yẹn á jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Mo mi orí. Wọ́n wọlé. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń wo ilẹ̀kùn ẹnu àbájáde. Wákàtí kan lọ. Ìkejì lọ. Àwọn kan ń jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn kan ń jáde láìwo ẹnikẹ́ni. Ìgbà mẹ́ta ni mo dìde tí mo tún jókòó, èmi tí eékún ń dùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà, Ojú Abẹ́rẹ́ ló sọ ọ́ fún mi, Àǹtí Kékeré sì ń bá a tún ibi tó bá fò ṣe. Obìnrin kan ló wà lẹ́yìn gíláàsì. Ó bi í ní ibi tí wọ́n ti pàdé, ó dáhùn ní ṣókí. Ó bi í ní ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó, ó dáhùn. Ó wo fọ́tò wọn, ó yẹ̀ wọ́n wò títí, ó ní, "Ọkọ yín kì í sí nínú fọ́tò." Ojú Abẹ́rẹ́ ní ọkọ òun ló máa ń yà á. Ọ̀gá náà kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó sókè síbi tí iná ti tàn, ìmọ́lẹ̀ sì yọ láti inú gbogbo ihò wọ̀nyẹn.

"Ìwé wo lẹ yọ kúrò lára èyí?"

"Ọ̀gá, n kò yọ nǹkan kan. Máṣíìnì ni mo fi rán an."

"Ẹ rán an?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ojú Abẹ́rẹ́ ní obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ka lẹ́tà àlàyé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà. Gbogbo ìdáhùn tí mo kọ́ Ojú Abẹ́rẹ́ pòórá lórí rẹ̀. Ló bá ki ọwọ́ bọ àpamọ́wọ́, ó sì gbé ìwé ìwọ̀n jáde.

"Ọ̀gá, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé yìí. Èmi náà ni mo rán an. Ẹ wo ojú rírán rẹ̀."

Ọ̀gá náà gbà á lábẹ́ gíláàsì. Ó gbé etí ìwé ìgbéyàwó sún mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà. Ihò bá ihò lọ, bákan náà ni àlàfo wọn, bí ìgbà téèyàn to ẹsẹ̀ kan náà sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé inú rẹ̀. Orúkọ oníbàárà wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan, àfi ọ̀kan tí wọ́n kọ "Ẹni Mi" sókè rẹ̀.

"Ta ni Ẹni Mi?"

Ó ní ojú ti òun. "Ọkọ mi ni."

Ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n: àyà, ìbàdí, gígùn apá. Lábẹ́ ti ọdún kìíní ló ti kọ ọ́ pé èjìká òsì fi ààbọ̀ ínṣì relẹ̀ ju ọ̀tún lọ, báàgì kámẹ́rà ló fà á, kí òun máa fi fóòmù gbé e ga nínú aṣọ. Ọdún méjì ṣófo. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n kan ṣoṣo: ìbàdí ti fi ínṣì mẹ́ta dín. Ó ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Kì í jẹun!"

Ọ̀gá náà fa ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù ọkọ jáde. Ó fi ìka sórí òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wálé, ó fi ìka kejì sórí ọjọ́ inú ìwé ìwọ̀n. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín wọn.

"Ọjọ́ kejì tó dé lẹ wọ̀n ọ́n. Kí ló fa kíá tó bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá, mo dì mọ́ ọn ní pápákọ̀ òfurufú, ọwọ́ mi yí i ká jù. Mo mọ̀ pé ó ti rù."

"Èmi ni mo di ìdí téèpù mú!" Àǹtí Kékeré ké láti ìsàlẹ̀, níbi tí gíláàsì ò dé.

Ọ̀gá náà yí ojú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, níbi tí fọ́tò ọkọ wà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan èjìká òsì ara rẹ̀. Ìgbà náà ló tó rẹ́rìn-ín. Ó dá ìwé ìwọ̀n padà, ó dá ìwé ìgbéyàwó padà, ó kó páásípọ́ọ̀tù méjèèjì sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ wá gbà á. Físà yín á ti wà nínú rẹ̀." Ó na ìka sí páásípọ́ọ̀tù náà. "Màdáámú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an."

Èmi ò mọ ìkankan nínú gbogbo èyí. Ohun tí mo rí ni pé ilẹ̀kùn ṣí, aṣọ òfeefèé sáré jáde, ìyá sì ń sáré tẹ̀ lé e, ìwé ìwọ̀n wà lórí rẹ̀ bí ẹni ru ẹrù. "Wọ́n gbà á! Bàbá, wọ́n gba èjìká!" N kò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo ti ń fò. Ọlọ́dẹ gééètì ní ká rọra, ni òun náà bá ń rẹ́rìn-ín.

Fóònù rẹ̀ ti kú, tèmi la fi pe Fọ́tò. Ariwo tó pa pọ̀ débi pé mo gbé fóònù jìnnà sí etí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sunkún, tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, tí ọmọ ti fi ẹnu ko gíláàsì fóònù mi, Ojú Abẹ́rẹ́ nu imú.

"Ẹ gbọ́, ẹ wá nǹkan wọn ara yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ lónìí. Mo fẹ́ rán jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa wọ̀ wá pàdé wa."

"N kò wọn nǹkan kan," Fọ́tò dáhùn. "Mú téèpù rẹ bọ̀."

Ojú Abẹ́rẹ́ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ṣí ìwé ìwọ̀n lórí orúnkún, ó wá ewé tó mọ́, ó sì kọ "Ẹni Mi" sókè rẹ̀. Ó fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo. Àǹtí Kékeré ní òun náà ló máa di ìdí téèpù mú, kí ẹnikẹ́ni má bá òun jiyàn. Òkè òkun la pè, fóònù mi ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, n kò ka ìṣẹ́jú.